Ìwé ò ṣeé kà nílé wa mọ́: báwo làwọn àgbà ṣe ń kà á tó fi ń wọ̀ wọ́n lára?

Ìyá Àyọ̀, Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, JSS1 ló wà, ó mọ̀wé kà dáadáa, kò sí ọ̀rọ̀ tó le tí kò ní pè, ṣùgbọ́n tó bá ti gbé ìwé ìtàn dání, ojú ìwé méjì péré, ó ti ń wo òkè, ó ti ní òun fẹ́ mumi, ó ti ń wá fóònù mi káàkiri. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Èmi tí mo máa ń jókòó ti ìwé títí àkùkọ á fi kọ nígbà tí mo wà ní girama, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mi ò tíì ka ìwé kan tán. Mò ń ka nǹkan o, àtàárọ̀ dalẹ́ ni mo ń ka WhatsApp, àmọ́ tí ilẹ̀ bá ṣú, mi ò lè tọ́ka sí ẹyọ kan tó dúró sí mi lọ́kàn.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni ti bàbá ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà, iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ṣe jẹun, síbẹ̀ ìwé ìròyìn ò lè wọ ilé yẹn kí wọ́n má kà á fún gbogbo àgbàlá. Àwọn ayálégbé, àwọn ọmọ iṣẹ́, ìyàwó ilé, gbogbo wọn á gbé àpótí wá jókòó. Ọkọ mi ṣì rántí àwọn nǹkan tí wọ́n kà fún un nígbà tó wà ní kékeré ju ohun tóun fúnra ẹ̀ kà lọ́sẹ̀ tó kọjá lọ. Kí làwọn yẹn ń ṣe tí àwa ò ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé látijọ́, nílé tàbí lókè òkun, ẹ bá mi dá sí i, kẹ́ ẹ sì sọ èyí tó ṣiṣẹ́ nílé tiyín.

Télọ̀ Gbági

Ìyá Àyọ̀, ẹ ti dá ara yín lóhùn. Ẹ ní bàbá ń kà á fún gbogbo àgbàlá. Wọn ò dá kà á.

Bàbá Láìbúrérì, Bódìjà

Ẹ kú ìbéèrè, ìyá. Inú láìbúrérì ni mo ti ṣiṣẹ́ fọ́dún 31 kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí sì ń ká mi lára gan-an ni. Ibi tí télọ̀ wa fọwọ́ bà yẹn ni ojú egbò wà. Ká pa ẹnu mọ́, kí ojú nìkan máa rìn lórí ìwé, ohun tí Yorùbá ń pè ní kíkà sínú, kò pẹ́ tó gbòde tá a bá wò ó lójú ìtàn. Ní nǹkan bí ọdún 385, Augustine, ọmọ Áfíríkà apá òkè lọ́hùn-ún tó padà di bíṣọ́ọ̀bù Hippo, máa ń lọ sọ́dọ̀ Ambrose tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Milan, á bá a tó ń kàwé, ojú ẹ̀ ń lọ, ọkàn ẹ̀ ń wá ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ohùn ò jáde. Ó ṣe é ní kàyééfì débi pé ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀, ó sì ń wá ìdí tí ọkùnrin yìí fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní bóyá ohùn tó tètè máa ń há ló ń tọ́jú. Àwọn kan náà mọ̀ ọ́n kà sínú láyé ìgbà yẹn o, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, àmọ́ kíkà síta làṣà.

Bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé náà dá kún un. Àwọn ará Róòmù kì í fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀, lẹ́tà á kàn so kọ́ra lọ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ẹ wo èyí: ÀWỌNỌMỌTITISÙKÚÙDÉTEBIŃPAWỌ́N. Ṣé ẹ rí i pé ẹnu yín ti ń mì kí ojú yín tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti parí? Àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Ireland ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi àlàfo sí i ní nǹkan bí ọ̀rúndún keje, torí èdè Látìn kì í ṣe èdè abínibí wọn, wọ́n fẹ́ kó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ó gba ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí àṣà yẹn tó kárí Yúróòpù, ìgbà yẹn ló wá rọrùn fún ojú láti dá ṣiṣẹ́ láìpe ẹnu.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe kàn wá. Yorùbá tí wọn ò fi àmì ohùn sí, bákan náà ló rí. Ẹ kọ "igba" sílẹ̀ lásán. Igba naira ni àbí igbá tá a fi ń bumi, àbí ìgbà tó ń lọ, àbí igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ? Ẹnu gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò kí ọkàn tó gbé e. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń sọ pé Yorùbá le ju Gẹ̀ẹ́sì lọ láti kà, ojú nìkan ni wọ́n ń fi kà á, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn. Torí náà, ìyá, ìwé tí wọ́n fi àmì sí dáadáa ni kẹ́ ẹ wá, kó sì máa kà á síta, kẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ.

Ọmọ Alùfáà, Ọjà Ọba

Bàbá, ẹ ṣeun. Kẹ́ ẹ tó dé Milan, ẹ jẹ́ ká yà nílé kéwú wa níbí. Àwọn ọmọ bí ogún, oníkálukú gbé wàláà ẹ̀ lé itan, oníkálukú ń ké ibi tó kàn án, ariwo á gba ibẹ̀ kan, síbẹ̀ Alùfáà á ti gbọ́ ẹni tó ṣì í pè. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ fún Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, "kà" ni, ẹnu sì ni wọ́n fi kà á. Àwọn baba wa tó jẹ́ alùfáà ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá ná kí a-bí-dí tó wọ ilẹ̀ yìí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni wàláà yẹn. Ibi díẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ sí i. Tọ́mọ bá ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á fọ̀ ọ́ nù, wọ́n á kọ òmíràn. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ náà ló ṣì wà. Èmi náà fi ń kọ́ ọmọ mi obìnrin ní ìwé ìtàn, ìpínrọ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà kó pa ìwé dé kó sọ fún mi. Oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹkún ló ń sun, ní báyìí òun ló ń pè mí.

Bàbá Láìbúrérì, Bódìjà

Ẹ ti sọ ohun tó gba Rolf Engelsing, ará Jámánì kan, ní ìwé odindi. Ó ní títí di nǹkan bí ọdún 1750 lọ́dọ̀ àwọn, ìwé tó wà nílé mẹ̀kúnnù ò ju Bíbélì, ìwé orin àti kàlẹ́ńdà lọ, wọ́n á kà á lákàtúnkà títí á fi di tiwọn. Ìgbà tí ìwé ìròyìn àti ìwé ìtàn wá pọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á jù ú sílẹ̀, wọ́n á gbé òmíràn. Àwọn míì ta kò ó, wọ́n ní àwọn èèyàn máa ń ka ìwé ìtàn kan náà léraléra nígbà yẹn pẹ̀lú ẹkún lójú, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun táwọn àgbà Jámánì ìgbà yẹn ń kígbe lé lórí? Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ ń kàwé JÙ! Wọ́n pè é ní àìsàn, pàápàá lára àwọn ọmọbìnrin, pé ìwé ìtàn máa bà wọ́n jẹ́. Ìyá Àyọ̀, tẹ́nì kan bá ní ìran tiyín ni ìwé kú sí lọ́wọ́, ẹ má gbà fún un, kò sí ìran tí wọn ò bá wí.

Ọmọ Kúdẹtì

Ẹ jẹ́ n fi ti Ìbàdàn kún un. Ọdún 1853 ni David Hinderer àti Anna ìyàwó ẹ̀, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó, wá jókòó sí Kúdẹtì lọ́dọ̀ wa. Olúńlọ́yọ̀ọ́ fún wọn ní ọmọ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, kí wọ́n lọ kọ́ wọn ní ìwé. Ẹ ronú sí i, olóyè nílùú ológun, kó yọ̀ǹda ọmọ ẹ̀ fún nǹkan tẹ́nìkan ò tíì rí èrè ẹ̀ rí. Nígbà yẹn, odindi Bíbélì ò tíì sí ní Yorùbá, apá kan apá kan ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ jáde, ọdún 1884 ni gbogbo ẹ̀ tó pé, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ló sì ṣáájú iṣẹ́ náà. Tí apá tuntun bá dé, ẹnì kan á kà á, àwọn tó kù á gbọ́ ọ.

Bákan náà ni ìwé ìròyìn. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì bíi tiwọn, bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì ló ń jáde, àwọn tó mọ̀wé kà ò sì pọ̀ rárá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ló ń kà á sétí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà bàbá ọkọ yín ò dá àṣà kankan sílẹ̀ fúnra wọn o, wọ́n bá a nílẹ̀ ni. Ìyá ìyá mi, tí ò rí iwájú tíṣà rí, ìka ni wọ́n fi ń tọ Sáàmù lójoojúmọ́. Mo rò pé wọ́n ń díbọ́n ni, títí ọjọ́ tí mo ṣí Sáàmù tí mo mọ̀ pé wọn ò há sórí, wọ́n kà á, díẹ̀díẹ̀, síta. Kíláàsì àwọn àgbàlagbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Télọ̀ Gbági

Mo padà dé, oníbàárà ni mo lọ dá lóhùn. Mo ka nǹkan kan tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ní Havana, nílẹ̀ Kúbà, lọ́dún 1865, àwọn tó ń fi ọwọ́ ká sìgá ní ilé iṣẹ́ dá owó jọ láàárín ara wọn, wọ́n fi ń san owó ẹnì kan tí á jókòó sórí àga gíga kó máa kàwé fún wọn bọ́wọ́ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìwé ìròyìn láàárọ̀, ìtàn lọ́sàn-án. Ìjọba fòfin dè é lọ́dún tó tẹ̀ lé e torí wọ́n rí i pé ojú àwọn òṣìṣẹ́ ti ń là, ṣùgbọ́n àṣà náà padà dìde, ó ṣì wà ní Kúbà dòní.

Mo sọ fáwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn ọmọ yẹn ò ráàyè kàwé láéláé, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́jọ alẹ́ ni. Ní báyìí, tó bá ti di aago méjì, ẹnì kan á gbé ọwọ́ kúrò lórí iṣẹ́, á mú Aláròyé tàbí ìwé ìtàn, á kà á fún ìdajì wákàtí, àwọn tó kù á pín iṣẹ́ ẹ̀ ṣe. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí kò lè ka ìlà kan tán nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, òun náà ti ń gba tiẹ̀. Ìyá Àyọ̀, kí lẹ̀ ń tà? Tí iṣẹ́ ọwọ́ bá wà nílé yín tó ń mú ọwọ́ tí ò mú etí, àsìkò ìwé nìyẹn.

Tíṣà Àpáta

Mo gbọ́ gbogbo yín, mo sì gbà, àmọ́ mi ò lè dákẹ́ lórí apá kan. Gbọ̀ngàn ìdánwò, wọn ò kí ń kàwé síta níbẹ̀. Ọmọ tó bá ń mi ẹnu títí dé SS3, ó máa ń lọ́ra, àsìkò á tán mọ́ ọn lọ́wọ́, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Kẹ́ ẹ kà á síta nílé, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà kó dá ka ibi tó tẹ̀ lé e sínú, kẹ́ ẹ wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹyọ kan o, ẹ má dán an wò bí WAEC.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ míì tó ń dùn mí. Lọ́dún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, àwọn ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 800,000 lọ́dún kan ṣoṣo. Ìbàdàn wa yìí di ìlú ìwé, yunifásítì ti wà látọdún 1948, Oxford University Press ti ṣí ọ́fíìsì síbí ní 1949, àwọn ilé ìtẹ̀wé míì tẹ̀ lé e, ẹ lọ sí Jẹ́ríkò ẹ máa kà wọ́n. Oore ńlá ni, èmi náà jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ jù, ìwé ilé-ìwé ni, ìwé ìdánwò, ọ̀pọ̀ ilé wá gbà pé ìgbà tọ́mọ bá ti gba sátífíkéètì, ìwé ti parí iṣẹ́ ẹ̀. Wọ́n á so ìwé mọ́ pàṣán. Tọ́mọ bá ṣẹ̀, "lọ mú ìwé ẹ, jókòó síbẹ̀!" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé jẹ ọmọ níyà. Mo bẹ̀ yín.

Ìyá Àgbà, Òkè-Àdó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, gbogbo obìnrin agboolé wa, èmi ni wọ́n ń gbé lẹ́tà wá bá. Ọkọ ẹlòmíì wà ní Kánò, ọmọ ẹlòmíì wà ní Kúmásí. Màá kà á, wọ́n á ní kí n tún un kà, ẹlòmíì á sunkún lójú mi, wọ́n á sì kìlọ̀ fún mi pé ohun tí mo bá kà kò gbọdọ̀ jáde. Kò sí tíṣà tó kọ́ mi ní ìwé tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, ilé lè dàrú. Ẹ wá nǹkan tọ́mọ yẹn á máa kà tí ẹlòmíì nílò ẹ̀. Bébà inú páálí oògùn ìyá ẹ̀ àgbà, káàdì ọsibítù, lẹ́tà lánlọ́ọ̀dù.

Ẹ má sì kẹ́gàn ìwé alálàyé àwòrán. Nígbà tí Atọ́ka ń jáde, eré tíátà ni wọ́n máa ń ya ní fọ́tò, ọ̀rọ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu oníkálukú, àwa ọmọge márùn-ún la máa ń dá owó ra ẹyọ kan, a ó pín ohùn, ìwọ ni ìyálé, èmi ni ọkọ. Àwọn tó ti kúrò níléèwé tipẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà torí ẹ̀.

Ọmọ Àgbọ́wọ́

Ẹ kú àárọ̀ ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi. Ẹ má jẹ́ ká lé fóònù jáde pátápátá o. Ìtàn tí wọ́n ń gbé sórí fóònù lápá-lápá báyìí, kì í ṣe nǹkan tuntun. Lọ́dún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara ẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó ń jẹ́wọ́ ayé tó gbé, gbogbo Èkó ń dúró de èyí tó kàn, wọ́n ń jiyàn bóyá obìnrin náà wà lóòótọ́. Olóòtú ìwé ìròyìn náà, I. B. Thomas, ló ń kọ ọ́! Ìdúró yẹn ló ń mú un dùn. Ẹ má jẹ́ kọ́mọ ka ìtàn tán lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ gé e níbi tó gbóná. Bàbá Láìbúrérì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni pé ohun téèyàn kà lórí fóònù kì í dúró bíi ti bébà?

Bàbá Láìbúrérì, Bódìjà

Ọmọ mi, ìbéèrè tó dáa. Lọ́dún 2018, Delgado àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó ìwádìí 54 jọ, àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 170,000, wọ́n rí i pé àwọn tó ka bébà lóye ju àwọn tó ka ojú ẹ̀rọ lọ díẹ̀, pàápàá tí àsìkò bá há. Ṣùgbọ́n ti ìtàn yàtọ̀, wọn ò rí ìyàtọ̀ kan gbòógì níbẹ̀. Nítorí náà, ìwé ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kó jẹ́ bébà. Ìtàn, ẹ lè kà á lórí fóònù, kẹ́ ẹ ṣáà ti pa dátà.

Ìyá Àyọ̀, tẹ́ ẹ bá ń wá ìwé tẹ́ ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ìwé àkọ́kọ́ tí Fágúnwà kọ, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938. Ẹ wo bó ṣe tò ó: Àkàrà-ògùn ń sọ ìtàn ẹ̀ fún òǹkọ̀wé, ó ń lọ, ó ń padà wá lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn tó ń wá gbọ́ sì ń pọ̀ sí i. Àgbàlá bàbá ọkọ yín ló wà nínú ìwé yẹn.

Ìyá Àyọ̀, Mọ́kọ́lá

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín gan-an ni. Alẹ́ àkọ́kọ́ ò dáa, mo ní kó kà á síta, ojú ń tì í, mo jágbe mọ́ ọn, ó dákẹ́. Mo rántí ohun tí Tíṣà sọ, mo bẹ̀ ẹ́, mo gbé ìwé náà, èmi ni mo kọ́kọ́ kà. Ní Sátidé, a ń bó ẹ̀gúsí tí mò ń tà, ọwọ́ mi kún, mo ní Àyọ̀, gbà á níbi tí mo dé. Ó gbà á. Àwọn ọ̀rọ̀ Fágúnwà yẹn gùn, ó ń kọsẹ̀, ọmọ ayálégbé wa tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ti bà jẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn wọlé, ó jókòó, ó ní kí ló wá ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ méje ló wà ní pálọ̀, ìyá méjì, ẹ̀gúsí mi sì ti tán kí n tó mọ̀. Mò ń gé e níbi tó gbóná bí ọmọ Àgbọ́wọ́ ṣe wí, wọ́n ń bínú sí mi lálaalẹ́.

Ìbéèrè kan ló kù. Lọ́jọ́rú, NEPA mú iná, mo ní ká dúró níbẹ̀, kóníkálùkù lọ sùn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo rí tọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ìrọ̀rí Àyọ̀, ó ti dá ka ojú ìwé mọ́kànlá síwájú. Sínú. Àdéhùn wa ni pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣáájú àwọn tó kù. Ó ń bẹ̀ mí kí n má sọ fún wọn. Kí ni kí n ṣe?

Tíṣà Àpáta

Mọ́kànlá! Ẹ má wulẹ̀ bá a wí.

Télọ̀ Gbági

Òun ni kó ka mọ́kànlá yẹn fún wọn. Ó ti mọ ibi tó ń lọ, kò ní kọsẹ̀ mọ́. Kó ṣáà má jẹ́ kí ojú ẹ̀ tú u fó.

Ìyá Àgbà, Òkè-Àdó

Mo rí Atọ́ka méjì nísàlẹ̀ àpótí mi, eku ti jẹ etí ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀ pé. Ọ̀nà wo ni ilé yín wà ní Mọ́kọ́lá?

Ìyá Àyọ̀, Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, ìyá mi. Mo ti fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀. Aago mẹ́rin ní Sátidé la máa ń bẹ̀rẹ̀, mo ti ra ẹ̀gúsí míì sílẹ̀.